Ohun Tí A Rí ní Àjàṣẹ́

Bí a bá dárúkọ olú-ìlú ilẹ̀ òkèèrè létí ọ̀dọ́ ìwòyí, Lọ́ńdọ̀nù ni ọkàn rẹ̀ ń kọ́kọ́ sáré lọ, tàbí Páríìsì, tàbí Wáṣíńtìnì. Ta ni í ronú kan Àjàṣẹ́? Bẹ́ẹ̀ sì ni Àjàṣẹ́, tí àwọn Potogí sọ ní Porto-Novo, tí àwọn Ègùn ń pè ní Hogbonu, ni olú-ìlú Orílẹ̀-èdè Olómìnira Bẹ̀nẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwé òfin ilẹ̀ náà ti wí. Lóòótọ́, Kútọnu ni ààrẹ wọn àti àwọn mínísítà rẹ̀ fi ṣe ibùjókòó, ṣùgbọ́n Àjàṣẹ́ ni àwọn aṣòfin ti ń pàdé. Ó yẹ kí àwa ará Òkè-Ògùn mọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ bí ẹni mọ ẹ̀yìnkùlé ilé rẹ̀, nítorí pé òun ni ó bá wa pààlà ní ìwọ̀-oòrùn. Síbẹ̀, títí di ọdún 2018, n kò fi ẹsẹ̀ mi tẹ ilẹ̀ kan tí kì í ṣe Nàìjíríà rí.

Àwa mẹ́rin ni a gbéra ní ìsinmi Ọdún Àjíǹde ọdún náà. Èmi ń kọ́ni ní Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ṣakí. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi ń kọ́ni ní ìtàn, èkejì ń kọ́ni ní ìṣirò, ẹ̀kẹta sì jẹ́ ọmọ Ìsẹ́yìn tí ń ta aṣọ òfì, tí ó sì ti ní oníbàárà ní Àjàṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Òun ni amọ̀nà wa. Onítàn, Oníṣirò àti Aláṣọ ni n ó máa pè wọ́n níhìn-ín. Orúkọ tí wọ́n fi ń yẹ ara wọn sí náà nìyẹn. Láti Ṣakí a gba Ìsẹ́yìn, a gba Abẹ́òkúta, a já sí Ìlaròó. Bí a ti ń lọ ni pápá ọ̀dàn ń fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún igbó àti ọ̀pẹ, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí a ó fi dé Ìdí-Ìrókò ní ìrọ̀lẹ́, ojú wa tí ó mọ́ àpáta àti igi ẹ̀mì lára kò rí ọ̀kankan mọ́.

Mo ti rò nínú ọkàn mi pé ibi tí ilẹ̀ kan ti parí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀ yóò ní ohun kan tí ojú yóò rí, ìbáà ṣe odò, ìbáà ṣe òkè. Kò sí. Ilẹ̀ pupa kan náà ni, ọ̀pẹ kan náà ni. Onítàn ní kí ó má yà wá lẹ́nu. Ó ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí ó gé Àjàṣẹ́ kúrò lára Èkó, kò sì sí ẹni tí ó bi ẹni tí ilé ìyá rẹ̀ wà ní òdìkejì ìlà léèrè ohun tí ó rò sí i. Oníṣirò fi kún un pé títí di oṣù kẹrin ọdún 1972, apá òsì ni a fi ń wa ọkọ̀ ní Nàìjíríà nígbà tí wọ́n ń gba apá ọ̀tún ní tiwọn, kí awakọ̀ tó kọjá ibẹ̀ ó ní láti yí apá padà. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tí mo lè fi ojú rí nìyẹn, ó sì ti tán kí wọ́n tó bí mi.

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé Oníṣirò ti fi oṣù mẹ́ta kọ́ èdè Faransé nítorí ìrìn-àjò yìí. Láti Abẹ́òkúta ni ó ti ń fi ẹnu kùn bí ẹni ń ka ọfọ̀. Nígbà tí a dé Ìgolò, ní apá ti Bẹ̀nẹ̀, ó sún mọ́ ìyá alákàrà kan, ó wú àyà, ó ní, “Bonjour, madame.” Ìyá náà wò ó tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó ní, “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ti èló ni kí n bù fún yín?” A rẹ́rìn-ín títí a fi wọ Àjàṣẹ́.

Ilé ìyá àgbà kan, oníbàárà Aláṣọ, ni a dé sí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì a jáde lọ wo ìlú. Alùpùpù tí wọ́n ń pè ní sẹ́mìjàn ni ó gbé wa káàkiri. Ní ẹ̀gbẹ́ títì, a rí epo bẹntiróòlù nínú ìgò ńláńlá, ó ń dán bí oyin. Láti Nàìjíríà ni ó ti ń gba ẹ̀yìnkùlé dé ibẹ̀, kpayo ni wọ́n sì ń pè é. A rí ọ̀sà tí ìlú náà dúró tì. A rí mọ́ṣáláṣí àtijọ́ tí àwọn Àgùdà, àwọn ọmọ ẹrú tí ó ti ilẹ̀ Bùràsíìlì padà wá, kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Bí a kò bá sọ fún ọ, ìwọ yóò pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí bí wọ́n ti rí i tí a ń kọ́ ilé Ọlọ́run ní Bahia ni àwọn náà ṣe kọ́ ọ, pẹ̀lú ilé ìṣọ́ méjì níwájú. Aláṣọ, tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, dúró síwájú rẹ̀ pẹ́. Ó ní ẹni tí ó bá kọ́ irú èyí kò gbàgbé ibi tí ó ti jìyà, kò sì gbàgbé ẹni tí ó ń sìn.

A wọ Honmè, ààfin Ọba Toffa tí ó wà lórí oyè láti 1874 títí di 1908. Ọba yìí ni ó bá àwọn Faransé mulẹ̀ nígbà tí ogun Dàhòmì àti ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà ní Èkó dojú kọ ọ́. Onítàn dá a láre, èmi kò tíì mọ̀ bóyá kí n dá a láre. Ìtàn ìbílẹ̀ sọ pé àwọn ọdẹ Yorùbá ni ó kọ́kọ́ dó sí àdúgbò tí a ń pè ní Accron, kí Te-Agbanlin tó ti Allada wá fìdí ìjọba àwọn Ègùn múlẹ̀. Ìdí nìyí tí ìlú kan fi ní orúkọ mẹ́ta, tí olúkúlùkù sì ń jẹ́ èyí tí a bá pè é.

Ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí a fi orúkọ Alexandre Sénou Adandé pè, a bá ère orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ọkùnrin tí ó ń mú wa yí ká ń fi Faransé ṣàlàyé, Oníṣirò sì ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ méjì nínú mẹ́wàá. Nígbà tí ọkùnrin náà gbọ́ tí mo bi Oníṣirò pé, “Kí ló wí?” ó dákẹ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ jẹ́ kí n fi tiwa sọ ọ́.” Tiwa ni ó wí. Láti ìgbà náà ni àwọn ère náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó rán wa létí pé nígbà tí àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ọdún 2001, orúkọ orílẹ̀-èdè mẹ́ta ni wọ́n kọ sí i: Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí tí n kò lè gbàgbé kò sí nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kankan. Inú ilé tí a dé sí ni ó wà. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ìyá àgbà gbé ìwé pẹlẹbẹ kan jáde, ó ní òun ń lọ sí kíláàsì ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àwọn àgbà, ó sì fẹ́ kí tíṣà láti Ṣakí gbọ́ bí òun ti ń kàwé. Ó kà á geere. Nígbà tí mo gba ìwé náà wò, ojú mi ṣú fún ìṣẹ́jú kan. Kpɛ̀lɛ́ ni wọ́n kọ níbi tí èmi yóò ti kọ pẹ̀lẹ́. Ishɛ́ ni iṣẹ́. Ɔkpɔ́n ni ọpọ́n. Orúkọ ìlú mi, bí ìyá ti kọ ọ́ fún mi sí etí ìwé náà, di Shakí.

Ẹ̀dà ìwé àtìgbàdégbà yìí kan wà nínú àpò mi. Mo fi lé ìyá lọ́wọ́. Ó gbé e sún mọ́ fìtílà, ó tún gbé e jìnnà, ó ní, “Tíṣà, kí ni ó kán sábẹ́ ọ̀rọ̀ yín báyìí? Ṣé kòkòrò ni?” Aláṣọ dáhùn kí n tó lanu: “Rárá o, ìyá. Ará ilé wa ni ó kán an síbẹ̀.” Àwàdà ni, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí òótọ́, nítorí Ajayi Crowther, tí ó wà lára àwọn tí ó fi ẹsẹ̀ àkọsílẹ̀ Yorùbá múlẹ̀, ọmọ Òṣoògùn ni, nítòsí Ìsẹ́yìn, ibẹ̀ ni wọ́n ti kó o lẹ́rú ní ọdún 1821.

Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò ni ẹ mọ ọdún 1974, tí a fọwọ́ sí àkọtọ́ tí a ń lò ní Nàìjíríà. Ẹ jẹ́ kí n fi ọdún 1975 kún un fún yín. Ọdún náà ni ìjọba òdìkejì ìlà gbé álífábẹ́ẹ̀tì kan kalẹ̀ fún gbogbo èdè ìbílẹ̀ ilẹ̀ wọn, tí wọ́n sì tún un yẹ̀ wò ní 1990 àti 2008. Ọdún kan péré! Àwọn tí ó ṣe é kò ṣe é láti yà wá nípá. Wọ́n fẹ́ kí lẹ́tà kan náà sin Yorùbá, Fọ̀n, Ègùn àti Bàrìbá. Bí èdè kan bá sì ní p tí kì í ṣe kp, a ní láti ya méjèèjì sọ́tọ̀. Àwa náà ní ìdí tiwa, nítorí p kan ṣoṣo ni Yorùbá ní. Kò sí ẹni tí ó ṣì í. Síbẹ̀, ìyá àgbà tí ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó ti ẹnu mi jáde kò lè ka ìlà kan nínú ohun tí mo kọ.

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ jókòó tì wá. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, Yorùbá dùn lẹ́nu rẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ, àmọ́ Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ ọ láti kékeré. Mo fi ìwé méjèèjì hàn án. Kò lè ka ti ìyá rẹ̀ àgbà, kò lè ka tèmi.

Mo ronú kan àwọn ọmọ kíláàsì mi tí wọ́n ń ka orúkọ àwọn ọmọ Odùduwà lórí bí ẹni ń ka àdúrà, tí wọn kò sì mọ̀ pé Alákétu àti Ọba Ṣábẹ̀ẹ́ wà ní ilẹ̀ tí a ti ń fi Faransé ṣe ìjọba. Nígbà tí mo padà dé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ sójú pátákó lọ́nà méjèèjì, ìṣẹ́jú márùn-ún péré ní ìparí iṣẹ́. Olùkọ́ kan ní kò sí nínú sílábọ́ọ̀sì. Òótọ́ ni. Ẹ má sì kọ ɔ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò o, máàkì yín ni wọn yóò gé! Ṣùgbọ́n kíka rẹ̀ kò gba ọgbọ́n: ọ̀sán kan ni àwọn ọmọ mi fi mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ń fi kọ ìwé àṣírí síra wọn.

A ti pinnu láti padà lọ ní ìparí ọdún 2019, kí n kó ìwé díẹ̀ fún ìyá. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà ni ìjọba Nàìjíríà ti ẹnubodè, ti Ìdí-Ìrókò kò sì ṣí padà títí di oṣù kẹrin ọdún 2022. Aláṣọ ni ó kọ́kọ́ kọjá nínú wa. Ó kó àwọn ìwé náà lọ, ó sì mú lẹ́tà kan bọ̀ fún mi láti ọwọ́ ìyá, ojú ìwé kan, pẹ́ńsùlù ni ó fi kọ ọ́. Kp àti sh kún inú rẹ̀ bí ti àtẹ̀yìnwá, ṣùgbọ́n níbi tí ó ti kí mi kú iṣẹ́, ó kán àmì kan sábẹ́ e, ó sì tún kán òmíràn sábẹ́ s, ó tẹ̀ wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí pẹ́ńsùlù fi lu ìwé já.