Ẹni tó ń gbé búlọ́ọ̀kù nígbà ìbò

Àbúrò mi, jókòó dáadáa, ọ̀rọ̀ yìí kò ní kánjú. Ẹni tó bá pẹ́ láyé ní apá ọ̀dọ̀ wa yìí, láti Kambolé dé Koussountou, títí dé Tchamba àti Sokodé, yóò ti rí i pé àánú àwọn ọlọ́lá ní àsìkò, bí iṣu titun ṣe ní àsìkò. Ọdún tí ìbò bá ń bọ̀ ni ojú wọn máa ń là sí òrùlé tó ń jò àti kànga tó gbẹ; bí ìbò bá ti kọjá, ojú náà á tún padà dì. Láti ọdún 1987 títí di ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹfà ọdún 2019, a kò dìbò ìjọba ìbílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Tógò, ọdún méjìlélọ́gbọ̀n gbáko. Bí o bá bi mí léèrè ẹni tó wá bá wa gbé yẹ̀pẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn, màá rẹ́rìn-ín, màá sì ní kí o lọ bi ògiri.

N kò sọ pé wọn kì í fúnni o. Wọ́n ń fúnni. Bí ààwẹ̀ bá dé, ìrẹsì àti ṣúgà á dé, nínú àpò tí wọ́n ya àwòrán ẹni tó fi ránṣẹ́ sí, tí ojú náà á sì fẹ̀ débi pé èèyàn á máa rò ó bóyá ìrẹsì ni wọ́n ń pín ni àbí ojú. Àwọn àgbà ní oore tí a ṣe fún adìyẹ kì í gbé, bó pẹ́ títí á ṣomi tororo síni lẹ́nu. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé olóṣèlú mọ òwe yìí, àwa náà mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó dìde béèrè pé nínú àwa méjèèjì, ta ni adìyẹ.

Nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló wà, RPT tí ààrẹ Eyadéma dá sílẹ̀ ní 1969, àṣà ìgbà yẹn yàtọ̀ díẹ̀. Wọ́n á kéde, tọmọdé tàgbà á jáde lọ ro ojú ọ̀nà tàbí mọ ògiri ilé ẹ̀kọ́; investissement humain ni wọ́n ń pè é, ó sì ní orin tirẹ̀ àti ijó tirẹ̀. Aláṣẹ á sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, á gba ọkọ́, á sá a mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ayàwòrán á yà á, wọ́n á bu omi fún un kó fọwọ́, ọkọ́ á sì padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ọwọ́ kan náà ló kù títí ilẹ̀ fi ṣú.

Èyí ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Jimmy Carter, ará Plains ní ìpínlẹ̀ Georgia, máa jọ mí lójú. Ó ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà láti 1977 sí 1981, àmọ́ nígbà tí wọ́n dìbò ní 1980, Reagan fẹ̀yìn rẹ̀ gbálẹ̀: nínú àádọ́ta ìpínlẹ̀ tí wọ́n ní, mẹ́rìnlélógójì ló kọ̀ ọ́. Ẹni tí ìlú kọ̀ báyẹn, ilé ló yẹ kó jókòó sí, kó máa kọ ìwé tí yóò fi ṣàlàyé pé òun kọ́ ló jẹ̀bi. Carter kọ ìwé náà ṣá, ìwé sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1984, òun àti Rosalynn aya rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì pẹ̀lú àwọn olùyọ̀ǹda ara, wọ́n ti Georgia lọ sí New York, wọ́n lọ tún ilé alájà mẹ́fà kan tó ti di àlàpà ṣe fún ìdílé mọ́kàndínlógún. Ẹgbẹ́ Habitat for Humanity ló ni iṣẹ́ náà. Látìgbà náà, ó ń yọ ọ̀sẹ̀ kan sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, ní orílẹ̀-èdè mẹ́rìnlá, títí ilé tí wọ́n kọ́ àti èyí tí wọ́n tún ṣe fi lé ní 4,000. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, ó ti pé ọmọ ọdún 95, ó ṣubú nínú ilé, wọ́n rán òkè ojú rẹ̀. Kí ọjọ́ kejì tó mọ́, ó ti wà ní Nashville. Ojú òsì wú, ó dúdú, báńdéèjì wà lókè rẹ̀, bàbá arúgbó ń to igi fún ilé onílé.

Dájúdájú wọ́n yà á ní àwòrán. Má jẹ́ kí n tàn ọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1992, Clinton àti Gore tí wọ́n ń wá ìbò nígbà náà lọ bá a ní Atlanta, wọ́n gbá ìṣó pẹ̀lú rẹ̀, àwọn ayàwòrán sì pọ̀ ju káfíńtà lọ. Gingrich àti Jack Kemp, olóṣèlú tí wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ kejì, náà gbárùkù ti Habitat. Ògiri tí wọ́n jọ kàn kò wó. Èmi kì í ṣe ẹni tó máa ní kí opó má ṣe gba páànù nítorí pé olóṣèlú ló rà á. Òjò kì í béèrè èrò ọkàn ẹni tó kan òrùlé.

Millard Fuller àti Linda aya rẹ̀ tí wọ́n dá Habitat sílẹ̀ ní 1976, ilẹ̀ adúláwọ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò, ní Mbandaka ní Zaire, láti 1973. Wọn kì í ta ilé náà lọ́rẹ. Onílé á fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nínú iṣẹ́ náà, á sì máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìsí èlé, kí wọ́n lè fi í kọ́ ti ẹlòmíràn. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, mo ní ṣé kì í ṣe ọ̀wẹ̀ wa nìyẹn? Ẹni tó fẹ́ kọ́lé á ránṣẹ́ sí ìyekan àti àna, ọkùnrin á wá po amọ̀, wọ́n á fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi fà, obìnrin á pọnmi, wọ́n á mọ ògiri dé ìbàdí, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó gbẹ, wọ́n á tún padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Onílé kì í jókòó. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ ló ń kọ́kọ́ wọ amọ̀, ìyàwó rẹ̀ sì wà nídìí ìkòkò, nítorí ọ̀wẹ̀ tí oúnjẹ kò dùn níbẹ̀, ìlú kejì ni ìròyìn rẹ̀ ń sùn. Bí ẹnì kan bá dìde níbẹ̀ pé kí á kọ́kọ́ mọ ẹgbẹ́ tí onílé ń ṣe, a ó bi í bóyá oòrùn ti mú un.

Àwọn ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà kò ní irú ìtìjú bẹ́ẹ̀; ẹgbẹ́ tí ọlọ́rẹ ń ṣe gan-an ni wọ́n ń wò. Ní 2006, Arthur Brooks, ọ̀kan nínú wọn, kọ ìwé kan tó ní àwọn ẹlẹ́sìn tí wọ́n fẹ́ kí ìjọba dín ọwọ́ kù ló ń ta ọrẹ ju àwọn tó fẹ́ kí ìjọba pín ọrọ̀ lọ. Àwọn tó fẹ́ kí ìjọba pín ọrọ̀ fèsì pé owó orí tí àwọn gbà láti san nítorí aláìní, ṣé kì í ṣe ọrẹ ni? Àwọn mìíràn tún un ṣírò, wọ́n ní bí a bá yọ owó ṣọ́ọ̀ṣì kúrò, ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan. Kálukú mú òṣùwọ̀n tó bá tirẹ̀ mu. Nílé wa, èyí tó wà lórí àga á pín ìrẹsì, ó ní sàárà ni. Ẹgbẹ́ alátakò á ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni, títí di ọjọ́ tí àwọn náà bá rí àpò kan gbà. Àwa tí à ń kírun sì ti gbọ́ ọ pé sàárà tó dára ni èyí tí ọwọ́ òsì kò mọ ohun tí ọ̀tún fi tọrẹ. Ayàwòrán ń kọ́? Aṣoore jókòó tì í, bí aláìṣoore ló rí.

Bí o bá tilẹ̀ fẹ́ mọ ohun tí Carter ṣe tó kan àwa gan-an, má wo ilé. Béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá rẹ nípa sòbìà: aràn tó ń gba ẹsẹ̀ jáde, tí wọ́n ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ wé díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ kó má baà já sínú, tó sì máa ń da àgbẹ̀ dùbúlẹ̀ ní àkókò tí ọkọ́ ń pè é. Ní 1986 tí Carter Center, àjọ tí Carter dá sílẹ̀, gbé ìjà rẹ̀ dìde, wọ́n fojú bù ú pé mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ èèyàn ló ń kó o lọ́dún. Kò ní oògùn, kò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi mímu ni oògùn rẹ̀, àti ẹnu àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí kò rẹ̀ láti máa sọ fún alárùn kó má wọnú odò. Ní 2011, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé sòbìà ti tán ní Tógò. Ará Tógò kankan kò lè dìbò fún Carter ní Georgia, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kú ní oṣù kejìlá ọdún 2024, lẹ́ni ọgọ́rùn-ún ọdún.

A tún dìbò ìjọba ìbílẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2025, àwọn tí a yàn sì ti gbàjọba. Ìsinsìnyí gan-an ni àsìkò, ọmọ bàbá mi. Ẹni tó bá wá bá yín lónìí, tí ìbò kò sí nítòsí, tó ní òun fẹ́ bá yín mọ ògiri, fún un lọ́kọ́, kí o sì ní kí wọ́n gúnyán. Èyí tó bá ní kí ẹ dúró de ayàwòrán ná, sọ fún un pé amọ̀ ti ń gbẹ.