Orí Òjé Kékeré Kan

Inú British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti kọ́kọ́ pàdé rẹ̀: orí bíṣọ́ọ̀bù kan tòun ti fìlà oyè rẹ̀, tí wọ́n fi òjé àti tánńganran ṣe. Báàjì tí àwọn olùjọsìn máa ń rà ni, kò tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Bíṣọ́ọ̀bù náà ni Thomas Becket, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury, tí àwọn ajagun ọba mẹ́rin fi idà pa nínú ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá, 1170. Nígbà tó fi máa di 1173, Póòpù ti kà á mọ́ àwọn ẹni mímọ́.

Ojú náà kò kúrò lọ́kàn mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ ọkọ̀ ojú irin ní St Pancras. Bíi wákàtí kan ló gbé mi dé Canterbury, ọ̀nà tí àwọn tó ra irú báàjì bẹ́ẹ̀ fi ẹsẹ̀ rìn fún ọjọ́ mélòó kan.

Mo wọ kàtídírà tí wọ́n ti pa Thomas. Inú ibẹ̀ náà ni wọ́n ti fi Àjàyí Crowther tiwa jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà, 1864. Mo dúró díẹ̀ nítorí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gun àtẹ̀gùn òkúta tó lọ síbi tí wọ́n gbé pósí Thomas sí ní 1220. Ẹsẹ̀ àti orúnkún àwọn olùjọsìn ti jẹ àárín òkúta náà wọnú bí ọlọ àtijọ́. Góòlù àti òkúta iyebíye ló bo pósí ọ̀hún nígbà náà. Ní 1538, Ọba Henry Kẹjọ ní kí wọ́n wó ibẹ̀, wọ́n sì kó gbogbo ọrọ̀ rẹ̀ lọ. Àbẹ́là kan ṣoṣo ló ń jó níbẹ̀ báyìí.

Níwájú àbẹ́là yẹn ni báàjì náà wá yé mi. Oníṣẹ́ ọwọ́ á gbẹ́ àwòrán sínú òkúta, á da òjé yíyọ́ sí i, kíá ló ti dì. Owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń tà á. Àgbẹ̀ tí kò ní góòlù lè rà á, kó fi kan pósí kí ìbùkún lè ràn mọ́ ọn, kó sì gún un mọ́ fìlà lọ sílé. Àwọn mìíràn ra ìgò òjé kékeré tí omi wà nínú rẹ̀, omi tí wọ́n gbà pé ó ní ẹ̀jẹ̀ Thomas nínú, wọ́n gbé e kọ́rùn. Ìyá mi ni mo rántí, àti kẹ́ẹ̀gì omi tó máa ń rù sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè àdúrà. Mo kúnlẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń kó góòlù lọ, kò sẹ́ni tó wá òjé dé ilé tálákà. Ẹrẹ̀ odò Thames ni wọ́n ti hú ọ̀pọ̀ nínú àwọn báàjì náà, nítorí ẹrẹ̀ náà kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ráyè bà wọ́n jẹ́. Kí n tó wọ ọkọ̀ òfurufú padà sílé, mo tún lọ sí British Museum. Mo fẹ̀gbẹ́ dúró títí mo fi rí ẹ̀yìn orí òjé náà: abẹ́rẹ́ tí ẹnìkan fi gún un mọ́ fìlà ti kán, kùkùté rẹ̀ nìkan ló kù.