Hard Drive Méjì Ni Mo Gbé Wálé

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ni iná lọ ní àdúgbò wa ní Ìlúpéjú. Kí n tó rí tọ́ọ̀ṣì mú, ọmọ mi ọkùnrin ti sáré kọjá nínú òkùnkùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ wáyà ara kọ̀ǹpútà alágbèéká mi, hard drive tí wáyà náà so mọ́ sì já lulẹ̀. Ibi tó ti já bọ́ kò ga ju orúnkún lọ. Mo gbé e, mo fi aṣọ nù ún, mo sì sọ fún ọmọ náà pé kò sí nǹkan kan. Nígbà tí mo tún so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ó ń dún kọ̀-kọ̀-kọ̀, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn láti inú ilé. Kọ̀ǹpútà kò dá a mọ̀ mọ́.

Fún ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé mi, irú àpótí kékeré bẹ́ẹ̀ kò ju ibi tí a ń kó fíìmù sí lọ. Tèmi kọjá bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2016, mo jókòó ti ìyá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n ti ń ki oríkì gbogbo àwa ọmọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àbíkẹ́yìn. Ó lé ní wákàtí kan. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n papò dà. Nígbà tí olè gba fóònù yẹn lọ́wọ́ mi ní Ọ̀shódì, ọkàn mi kò tilẹ̀ gbọgbẹ́ púpọ̀, nítorí mo ti kó ohun gbogbo sínú hard drive. Mo gbà pé ohun tí mo bá ti kó síbẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ewu.

Ní ọjọ́ Ajé, mo tọrọ ààyè níbi iṣẹ́, mo wọ dánfó lọ sí Ọ̀shódì, mo tibẹ̀ wọ òmíràn lọ sí Ìkejà, mo sì fẹsẹ̀ rìn wọ Computer Village. Ilé gbígbé lásán ni àdúgbò Ọ̀tìgbà yìí tẹ́lẹ̀, kí àwọn oníṣòwò kọ̀ǹpútà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á ní àwọn ọdún 1990. Lónìí, ẹ óò ti gbọ́ "Màmá, kí lẹ fẹ́ rà?" nígbà ogún kí ẹ tó rí ibi tí ẹ ń lọ. Mo di báàgì mi mú gírígírí títí mo fi dé ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin atúnṣe kan tí ẹlẹgbẹ́ mi níbi iṣẹ́ júwe fún mi, ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan.

Ó gbé hard drive náà sétí, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, ó sì yára yọ ọ́.

"Màmá, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti tan án lẹ́yìn tó já bọ́?"

"Á tó ẹ̀ẹ̀mẹwàá."

Ó mi orí. Kò bá mi wí; ó kàn fa òkú ọ̀kan jáde lábẹ́ tábìlì, ó ṣí i, ó ní kí n wò ó. Àwo kan tó ń dán bíi dígí ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú apá tín-ín-rín kan tó nà sórí rẹ̀ bí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ giramafóònù àwọn bàbá wa. Ó ṣàlàyé pé nínú ọ̀pọ̀ àwọn tí a ń gbé káàkiri, àwo yìí ń yí ní ìgbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan, orí apá náà kì í sì í kàn án. Ó ń léfòó lókè rẹ̀ ni, àlàfo tó wà láàárín wọn kò sì tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún fọ́nrán irun kan. Bí ó bá já bọ́ nígbà tí kò ṣiṣẹ́, apá náà ti padà sí ibi ìsinmi rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí ó yè é. Tèmi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà tó já, nítorí bátìrì kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé iná ti lọ. Orí gbá àwo, ó há a, gbogbo ìgbà tí mo sì tún tan án ni ó ń há a sí i. Yàrá tí eruku kò gbọdọ̀ wọ̀ ni wọ́n ti ń ṣí irú rẹ̀ fún àtúnṣe. Iye tí wọ́n máa gbà, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe sọ, ju owó oṣù mi lọ, wọn kò sì ní ṣèlérí.

Mo jókòó díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo ní kó gbà mí nímọ̀ràn lórí òmíràn, èyí tó lágbára, tí kò sì wọ́n.

Oníṣọ́ọ̀bù kan nísàlẹ̀ ti fi èyí tí wọ́n fi rọ́bà bò yí ká hàn mí, ó ní bí mo bá jù ú láti orí afárá Third Mainland, kò ní fọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Rọ́bà dára, ó ní, ṣùgbọ́n irú àwo àti apá kan náà ló wà nínú rẹ̀. Ó tún sọ ohun tí n kò mọ̀ rí: ilé iṣẹ́ mẹ́ta péré ló kù ní gbogbo ayé tó ń ṣe hard drive alàwo, Seagate, Western Digital àti Toshiba. Orúkọ yòówù kí ẹ rí lára páálí, iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀kan nínú wọn ló wà nínú rẹ̀. Mo rántí iye tí mo ti san lé orúkọ lórí.

SSD kò ní àwo, kò ní apá. Ó ń tọ́jú nǹkan bí fóònù ṣe ń tọ́jú rẹ̀, nítorí náà ìṣubú kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe é ní nǹkan, ó sì yára. Bí ó bá jẹ́ pé mo ń gbé e wọ dánfó lójoojúmọ́ ni, òun ni n bá rà. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n pe ẹyọ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti alàwo méjì, kò sì yẹ kí a tì í mọ́ àpótí fún ọdún púpọ̀ láìfún un ní iná, nítorí ohun inú rẹ̀ lè ṣá. Ní ti èyí tí wọ́n ń pè ní SSD tẹ́ráàbáìtì 16 ní owó pọ́ọ́kú, ẹ sá fún un. Mẹ́mọ́rì kékeré kan ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ti kọ́ láti purọ́ fún kọ̀ǹpútà. Ẹ ó máa kó fọ́tò sí i, yóò máa ṣe bí ẹni gbà á, ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ wò wọ́n lẹ óò mọ̀ pé wọn kò sí níbẹ̀. Ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ H2testw, òmíràn ń jẹ́ F3; wọn a kọ nǹkan kún inú rẹ̀ dẹ́nu, wọn a sì kà á padà. Ẹ ṣe é kí ọjọ́ tí ẹ lè dá ọjà padà tó kọjá. Ẹ má sì bá oníṣòwò jà bí tẹ́ráàbáìtì kan bá fi gígábáìtì 931 hàn lórí Windows. Ilé iṣẹ́ ń fi 1,000 kà, Windows ń fi 1,024 kà, kò sí ẹni tó jí nǹkan.

Mo wá bi í léèrè èwo ni kì í bàjẹ́.

"Kò sí, màmá. Ẹ ra méjì tí kò wọ́n."

N kò rà á lọ́jọ́ náà. Mo rò pé ọjà ló fẹ́ tà. Nílé ni mo ti kà nípa Backblaze, ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tó ń bá àwọn ènìyàn tọ́jú fáìlì. Láti ọdún 2013 ni wọ́n ti ń kéde iye hard drive tó ń kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Kì í ṣe irú èyí tí a ń gbé káàkiri ni tiwọn, ṣùgbọ́n wọ́n ní ju 200,000 lọ tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí ilé iṣẹ́ kankan tí tirẹ̀ kì í kú. Ẹni tó ní ọ̀kẹ́ mẹ́wàá kò rí èyí tí kì í kú, kí wá ni èmi ń wá kiri ní Ọ̀tìgbà? Mo tún ṣírò ohun tí ìdílé wa ní, fọ́tò, fídíò ìgbéyàwó, ìwé ẹ̀rí àwọn ọmọ: kò tó gígábáìtì 300.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo padà lọ ra méjì, tẹ́ráàbáìtì kọ̀ọ̀kan, ti ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí àléébù kan náà má baà pa méjèèjì. Ọ̀kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi. Orí ilẹ̀ ni mo ti ń lò ó báyìí, kò tún sí orí tábìlì mọ́. Èkejì wà lọ́dọ̀ àbúrò mi ọkùnrin ní Agége, nítorí bí olè tàbí iná bá wọlé, kì í ṣa ọ̀kan mú kí ó fi èkejì sílẹ̀. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta àkọ́kọ́ nínú oṣù, a máa ń pààrọ̀ wọn.

Àbúrò mi yìí ni àbíkẹ́yìn wa. Ní ọdún 2016, ó ní kí n gé oríkì tirẹ̀ ránṣẹ́ sí òun lórí WhatsApp, ó sì ti ń gbé e láti fóònù dé fóònù láti ìgbà náà. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni. Òun nìkan ló kù, ó sì ti wà nínú hard drive méjèèjì. Nígbà tó fẹ́ parí, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kan bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ìyá mi dákẹ́, wọ́n mumi, wọ́n sì ní, "Ó yá, ìwọ ló kàn." Èmi ni wọ́n ń bá wí. Ibẹ̀ ni mo gé e dé.