Níbo Ló Ti Ń Wọlé?

Ní Sakété, ní ilẹ̀ Benin, àwọn òpó irin gàgàrà gbé wáyà wọlé láti Nàìjíríà. Ìkẹjà ni wáyà náà ti gbéra, iná orí rẹ̀ tó 330,000 fóltì, ọdún 2007 sì ni iná bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀ kọjá. Ṣáájú ìgbà náà, ìsédò Akosombo ní Gánà ni ilẹ̀ Benin àti Tógò ti gbójú lé láti ọdún 1972; Nangbéto, lórí odò Mono, wá kún un ní 1987. Nítorí náà, ọmọ Aguidi nítòsí Sakété tó bá tẹ bọ́tìnnì iná nínú ilé rẹ̀ lálẹ́, bó mọ̀ bí kò mọ̀, ẹnìkan ti jó gáàsì níbìkan, tàbí omi ti já lu irin níbìkan, kí gílóòbù rẹ̀ tó tàn. Mo fẹ́ràn láti máa ro èyí. Iná tó wà nílé mi ní ìlú tó ti wá, ó ní ọ̀nà tó gbà dé, ó sì ní ẹni tó sanwó rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí kì í jẹ, tí kì í mu, tí kò sì ní sinmi láéláé ló mú mi sọ èyí. Lẹ́yìn tí Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo kúrò ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, kpayo, epo fàyàwọ́ tí à ń rà lẹ́bàá títì, gbówó lórí kíá. Láìpẹ́ sígbà náà, ọmọ àbúrò mi kan tó jẹ́ ajórin wá bá mi tòun ti fóònù lọ́wọ́. "Bàbá, ẹ bá mi wo èyí." Fídíò tí oníṣòwò kan ṣe ní Èkó ni. Bátìrì ọkọ̀ kan wà nílẹ̀, ó ń yí mọ́tò kékeré kan. Bẹ́líìtì so mọ́tò náà mọ́ ẹ̀rọ tí ń mú iná jáde. Iná tó jáde ń tan gílóòbù, ó sì tún ń padà lọ kún bátìrì tó kọ́kọ́ yí i. Oníṣòwò náà ní títí ayé ni: kò sí epo, kò sí èéfín, kò sí ariwo. Ọmọ náà fẹ́ ta alùpùpù rẹ̀ kó lè ra ọ̀kan.

N kò fi í ṣẹ̀sín. Ajórin tí kò bá ríná, iṣẹ́ rẹ̀ dúró nìyẹn, ẹni tí iṣẹ́ sì dúró mọ́ lọ́wọ́ kì í ṣe òmùgọ̀ bó bá ń wá ọ̀nà àbáyọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi í: agbára tó ń tan gílóòbù yẹn, níbo ló ti ń wọlé? Ó ní inú bátìrì ni. Ti bátìrì ńkọ́? Ó ní inú ẹ̀rọ ni. Ti ẹ̀rọ ńkọ́? Ó wò mí lójú, ó ní, "Inú bátìrì ni, Bàbá." Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

Ká ṣírò rẹ̀. Ká ní mọ́tò náà dára débi pé nínú 100 tí bátìrì fún un, ó dá 80 padà. Ká ní ẹ̀rọ tí ń mú iná jáde náà dára bákan náà. Nínú 100 tó jáde lára bátìrì, 64 ló lè padà dé ibẹ̀, ìyẹn bí gílóòbù kankan kò bá tíì tàn. Ìyókù ti di ooru lára irin, ó ti di ariwo, ó ti bá bẹ́líìtì lọ. Ẹni tó ń fi igbá jíjò bu omi láti ìkòkò kan sí èkejì, tó tún ń bù ú padà, tó wá ń retí pé ìkòkò méjèèjì yóò kún, iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn.

"Ṣùgbọ́n ó tàn!" Ó tàn lóòótọ́. Bátìrì 12 fóltì tó ń gba 100 ámípì fún wákàtí kan ní agbára tó tó nǹkan bí 1,200 wáàtì fún wákàtí kan nínú. Bí gílóòbù àti fáànù bá ń gba 100 wáàtì lára rẹ̀, wákàtí mẹ́fà tàbí méje lè kọjá kí ó tó rẹ̀ ẹ́, àní pẹ̀lú gbogbo òfò tí mo kà sílẹ̀ yìí. Fídíò náà kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Oníṣòwò tó ní ọgbọ́n kò nílò láti purọ́ nípa ohun tí ojú rí. Kí ó sáà ti pa kámẹ́rà kí bátìrì tó kú.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ láyé, àwọn tó sì ti jẹ nínú rẹ̀ kò kéré. Ní ọdún 1812, Charles Redheffer gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà, ó ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Ó ní ó ń yí fúnra rẹ̀, ó sì ń yí ẹ̀rọ mìíràn pẹ̀lú. Nígbà tí àwọn aṣojú ìlú wá yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé ẹ̀gbẹ́ tí kò yẹ ni eyín irin rẹ̀ ti jẹ: ẹ̀rọ tó ní òun ń yí òmíràn, òun gan-an ni wọ́n ń yí. Redheffer kó ẹrù, ó di New York. Ibẹ̀ ni Robert Fulton ti bá a ní 1813, Fulton tó ti ń fi ọkọ̀ ojú omi tí agbára omi híhó ń tì ṣòwò láti 1807. Etí ni Fulton fi mú un. Ó gbọ́ pé yíyí ẹ̀rọ náà kò dọ́gba, ó ń yára, ó ń falẹ̀, bí ohun tí ọwọ́ ènìyàn ń yí. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kóun yọ pákó díẹ̀ lára ògiri, òun yóò sanwó ohun tó bá bàjẹ́. Okùn tín-ínrín tí wọ́n fi ìfun ẹran ṣe ni wọ́n bá lẹ́yìn pákó. Wọ́n tẹ̀ lé okùn náà dé yàrá òkè, bàbá arúgbó onírùngbọ̀n kan jókòó síbẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kan yí irin, ó ń fi èkejì jẹ búrẹ́dì gbígbẹ. Bàbá yẹn ni mo máa ń ṣàánú jù nínú ìtàn náà. Òun nìkan ló ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́ nínú ilé ọ̀hún, orúkọ rẹ̀ kò sì sí nínú ìwé.

Gbogbo ẹjọ́ kọ́ ló mọ́ tó báyìí. Ní Jámánì, wọ́n ti kẹ̀kẹ́ tí Johann Bessler ṣe mọ́ yàrá ààfin kan ní 1717, wọ́n lẹ ilẹ̀kùn pa, ọjọ́ 54 kọjá, wọ́n ní ó ṣì ń yí. Ní 1727, ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́rìí pé láti yàrá kejì ni àwọn ti ń yí i. Àwọn kan gbà á gbọ́, àwọn kan kò gbà. Ohun tí mo mú dání níbẹ̀ ni pé nígbà tí Gravesande, ọ̀mọ̀wé ará Họ́láǹdì, wá wo ẹ̀rọ náà fínnífínní ní 1721, Bessler fọ́ ọ túútúú. Ní 1775, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti Paris kéde pé àwọn kò ní yẹ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò mọ́, nítorí pé lílépa rẹ̀ ti sọ ju ìdílé kan lọ di akúṣẹ̀ẹ́. Ìrírí ni wọ́n fi sọ ọ́ nígbà náà. Láàárín 1842 sí 1847 ni Mayer, Joule àti Helmholtz wá fi ìdí òfin rẹ̀ múlẹ̀ pé agbára kì í ti inú òfo wá, kì í sì í run. Ó kàn ń pa ara dà.

Nítòsí wa ńkọ́? Ní oṣù kọkànlá 2012, níbi ìpàtẹ Maker Faire Africa ní Èkó, àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin tí wọ́n ṣì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama gbé jẹnẹrétọ̀ kan jáde, wọ́n ní ìtọ̀ lítà kan ń mú un ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́fà. Iná mànàmáná ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń ya háídrójìn kúrò nínú ìtọ̀. Háídrójìn yẹn ni jẹnẹrétọ̀ wá ń jó. Iná tí wọ́n fi yà á ńkọ́? Púpọ̀ nínú ìròyìn tó káàkiri ayé fo ibẹ̀ dá. Ìmọ̀ gidi wà nídìí iṣẹ́ náà: ní 2009, Gerardine Botte ní Yunifásítì Ohio fi hàn pé yíya háídrójìn láti inú ìtọ̀ gba iná tó kéré púpọ̀ sí ti omi lásán. Àmọ́ kékeré kì í ṣe òfo. Èròjà tó lè jó nínú ìtọ̀ lítà kan kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún agbára tó wà nínú bẹntiróòlù tí jẹnẹrétọ̀ kékeré ń mu ní wákàtí mẹ́fà. Àwọn ọmọ náà kò jẹ̀bi lójú mi. Ọmọ tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ to nǹkan pọ̀ ni ìlú ń wá. Àwọn àgbà tó ń gbé ìròyìn, tí wọn kò bèèrè ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn, ni mo bínú sí.

Bí mo bá sọ báyìí láwùjọ, ẹnìkan á dìde pé a kì í gbà pé ọmọ dúdú lè ṣe nǹkan, pé àwọn elépo ló ń dènà rẹ̀. Ó dùn mí nítorí pé ìdajì ọ̀rọ̀ náà jẹ́ òtítọ́: wọ́n ti tẹ iṣẹ́ ọwọ́ wa mọ́lẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n òfin yìí kò mọ àwọ̀. Steorn, ilé-iṣẹ́ àwọn ará Ireland, sanwó ìpolówó nínú ìwé ìròyìn The Economist ní 2006 pé àwọn ti rí agbára ọ̀fẹ́. Ìgbìmọ̀ onímọ̀ tí wọ́n fúnra wọn yàn jókòó lé e, ó sì kéde ní oṣù kẹfà 2009, láìsí ẹni tó yapa, pé àwọn kò rí agbára kankan tí ẹ̀rọ náà mú wá. Ẹlòmíràn á ní, ṣebí wọ́n ní ọkọ̀ òfurufú kò lè fò. Ẹyẹ ti ń fò ṣáájú ọkọ̀, ọkọ̀ náà sì ń mu epo. Kò sí òfin tó rú.

Owó pàápàá ní irú ẹ̀rọ yìí. Ẹ wo àwọn tó ń gbowó aráàlú pẹ̀lú ìlérí èlé ńlá, ICC Services tó dà wó ní Benin ní 2010, àti MMM tó ti àpótí mọ́ àwọn ará Nàìjíríà lójú ní oṣù kejìlá 2016: èlé ẹni tó kọ́kọ́ dé, láti àpò ẹni tó dé kẹ́yìn ló ti ń wọlé. Ó yé àwọn tí mo bá sọ̀rọ̀ lábẹ́ igi ọsàn ní Aguidi dáadáa nígbà tí mo fi owó ṣe àlàyé, ju ìgbà tí mo fi bátìrì ṣe é lọ.

Ẹ̀rọ tí kì í mu epo sì wà lóòótọ́. Ní Illoulofin, lágbègbè Pobè, ibùdó sólà kan ti ń ṣiṣẹ́ láti 2022, agbára rẹ̀ jẹ́ mẹ́gáwáàtì 25 nígbà tí oòrùn bá mú dáadáa. Bí òkùnkùn bá ṣú, kò mú nǹkan kan jáde, àwọn tó kọ́ ọ kò sì fi èyí pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí àwọn baba wa bá rí i, idán ni wọn ì bá pè é. Ṣùgbọ́n bí o bá bèèrè ibi tó ti ń wọlé, wọn á na ìka sókè sí oòrùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí ẹnìkan bá gbé ẹ̀rọ àìlépo wá, ẹ má bá a jà. Ẹ ní kó gbé e sórí tábìlì tí a lè rí abẹ́ rẹ̀. Nígbà tó bá ti ń yí, ẹ ní kó yọ bátìrì kúrò, kó fi gílóòbù àti fáànù sílẹ̀ lára rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ̀yin sì mú kọ́kọ́rọ́ yàrá náà dání. Títí ọ̀sẹ̀ yẹn yóò fi pé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ta ilẹ̀, ẹ má sì ta alùpùpù.