Òógùn Ọmọ, Owó Àgbà
Ní 1983 àti 1984, Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó, wà nínú ikọ̀ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ Yunifásítì Houston tó dé àṣekágbá ìdíje àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà. Wọ́n ta tíkẹ́ẹ̀tì, tẹlifíṣọ̀n sanwó, olùkọ́ni gbowó oṣù. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ibùgbé àti oúnjẹ ni ti àwọn tó ń làágùn. Ẹni tó bá ní ìyẹn tó, kó rántí Shabazz Napier, tó sọ ní 2014, lọ́dún tí ikọ̀ rẹ̀ gbégbá orókè, pé òun a máa febi sùn lálẹ́ ọjọ́ mìíràn.

Láti 2025, yunifásítì tó bá fara mọ́ àdéhùn tuntun lè pín owó fún àwọn eléré rẹ̀ lọ́dọọdún; ní ọdún àkọ́kọ́, ó lè tó mílíọ̀nù 20.5 dọ́là. Ó tọ́ sí wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ìkàwé yunifásítì kan náà ṣáà ń gbowó, kò sì sẹ́ni tó ní ó ba ẹ̀kọ́ jẹ́.

Ṣùgbọ́n òfin físà akẹ́kọ̀ọ́ fi gbèdéke sí iṣẹ́ tí ọmọ ilẹ̀ òkèèrè lè ṣe gbowó. Bí Olajuwon bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀ sí Houston lónìí, ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù yóò gba tirẹ̀ níṣojú rẹ̀. Òun yóò kọ́kọ́ wá agbẹjọ́rò.