Ìwé Kúrò-Nílé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Òwe yìí bá àárín onílé àti ayálégbé mu gan-an, pàápàá ní ọjọ́ tí onílé bá fẹ́ gba ilé rẹ̀ padà.

Ní Èkó, onílé mìíràn gbà pé ẹni tó kọ́lé lè lé ayálégbé jáde nígbàkúùgbà. Ẹlòmíràn a ti ìlẹ̀kùn pa. Ẹlòmíràn a ṣí páànù lórí ilé. Òfin ilé yíyá Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 lòdì sí èyí. Bí àdéhùn kò bá sọ ohun mìíràn, ìwé oṣù 1 ni ti ẹni tó ń sanwó lóṣooṣù, ìwé oṣù 6 ni ti ẹni tó ń sanwó lọ́dọọdún. Bí àkókò bá pé tí kò jáde, ìwé ọjọ́ 7 yóò tẹ̀ lé e, kí onílé tó lọ sí ilé ẹjọ́. Òfin náà ka fífi ipá léni jáde sí ẹ̀ṣẹ̀: owó ìtanràn tí kò ju 250,000 náírà lọ, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 6 lọ.

Bàbá onílé kan ní Mushin mọ òfin yìí, síbẹ̀ ìwé náà wúwo lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó sì ń kó ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta bọ̀ wálé. Yàrá méjì ìsàlẹ̀ nìkan ló lè gbà wọ́n, ibẹ̀ ni Ìyá Ìbejì sì ti ń gbé láti ọdún 11. Kò jẹ owó ilé rí. Òun ló gbé bàbá lọ sí ilé ìwòsàn ní òru tí ẹ̀jẹ̀ ríru gbé e ṣubú. Àwọn ìbejì náà sì ń múra ìdánwò WAEC.

Bàbá kò rán ẹnikẹ́ni. Ní ìparí oṣù Ṣẹ́rẹ́, ó mú ìwé tí agbẹjọ́rò kọ, ó kanlẹ̀kùn, ó jókòó.

“Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú. Ọmọ mi ń bọ̀ wá gbé ibí. Oṣù mẹ́fà ló wà nínú ìwé yìí.”

Àyà obìnrin náà já. Ó kúnlẹ̀. “Bàbá, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni, tí ẹ fi ń pè mí ní ẹ̀yin?”

“O ò ṣẹ̀ mí, ọmọ mi.”

Ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fi ìka ṣírò rẹ̀. Ìdánwò yóò parí nínú oṣù Òkúdu. Ìparí oṣù Agẹmọ ni ọjọ́ tó wà nínú ìwé. Ó ní, “Ẹ ṣé tí ẹ wá fúnra yín, Bàbá.”

Ìwé náà kò sọ ìṣòro di fúfúyẹ́. Owó ilé tuntun, owó ẹ̀jẹ́ǹtì àti owó àdéhùn ń dúró de Ìyá Ìbejì níbikíbi tó bá yà sí. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ yóò jókòó ṣe ìdánwò láìsí pé ẹrù wọn wà ní ìta gbangba. Àkókò ni òfin lè fi fún ayálégbé. Ọwọ́ onílé ni iyì rẹ̀ wà.