Láti Òṣogbo dé Oko Kòkó Ìjẹ̀ṣà: Bátìrì Wo Ló Yẹ Tọ́ọ̀ṣì?

Láàárín Òṣogbo àti àwọn oko kòkó tó wà lẹ́yìn Iléṣà, ọ̀nà kò jìn ju ohun tí ọkọ̀ lè rìn ní òwúrọ̀ kan lọ, síbẹ̀ ìdáhùn sí ìbéèrè kan máa ń yí padà bí arìnrìn-àjò ti ń kúrò ní ìgboro tó sì ń wọ inú igbó: bátìrì wo ló yẹ kí ènìyàn kì bọ inú tọ́ọ̀ṣì? Oríṣi méjì ló wà níwájú ẹni tó ń rajà. Èkíní ni bátìrì àlòsọnù, èyí tí wọ́n ń lò títí agbára inú rẹ̀ yóò fi tán, tí wọ́n á sì jù ú nù. Èkejì ni bátìrì lítíọ́ọ̀mù tó ṣeé ṣáájì, ìyẹn ni pé bí agbára rẹ̀ bá tán, wọ́n lè fi wáyà fa iná padà sínú rẹ̀. Àwọn kan gbà pé tuntun gbọ́dọ̀ dára ju ti àtijọ́ lọ, àwọn mìíràn sì gbà pé ohun tí baba wọn lò kò lè já wọn kulẹ̀. Ìrìnàjò tí ìròyìn rẹ̀ wà nísàlẹ̀ yìí fi hàn pé èrò méjèèjì ló kù díẹ̀ káàtó, nítorí pé ibi tí tọ́ọ̀ṣì yóò ti máa rí agbára gbà ló yẹ kí olúwarẹ̀ kọ́kọ́ wò, kó tó wo tọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀.

Ìrìnàjò náà bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè Ọjà Ọba ní Òṣogbo, níbi tí àwọn tó ń ta ohun èlò iná ti ń to tọ́ọ̀ṣì sórí tábìlì lóríṣiríṣi, láti orí èyí tó lè wọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì títí dé orí èyí tí àwọn ọdẹ ń so mọ́ iwájú orí. Ìyá kan tó ń tajà níbẹ̀ kì í jẹ́ kí oníbàárà yan tọ́ọ̀ṣì kó tó bi í pé, "Níbo lẹ̀ ń gbé, kí lẹ sì fẹ́ fi ṣe?" Ìbéèrè yẹn ni arìnrìn-àjò náà gbé dání títí tó fi dé òpin ọ̀nà.

Bátìrì àlòsọnù tó pọ̀ jù lórí tábìlì rẹ̀ ni èyí tó sanra, tí wọ́n ń pè ní sáìsì D, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì mọ̀ nípasẹ̀ Tiger Head tó ń wá láti ilẹ̀ Ṣáínà. Ife síǹkì ni ara rẹ̀, ọ̀pá kábọ̀nù kan dúró sáàárín rẹ̀, ìyẹ̀fun dúdú tí wọ́n ń pè ní manganese dioxide sì yí ọ̀pá náà ká pẹ̀lú èròjà kan tó rin díẹ̀. Bí síǹkì yẹn bá ti ń jẹ díẹ̀díẹ̀ ni iná ń jáde, ìdí sì nìyí tí kò fi ṣeé dá padà sí bó ṣe wà. Georges Leclanché, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló ṣe irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1866 nígbà tí omi ṣì wà nínú rẹ̀, Carl Gassner ti ilẹ̀ Jámánì sì sọ ọ́ di gbígbẹ ní 1886 kó lè ṣeé gbé kiri láìdà sílẹ̀. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní agbára 1.5 fólìtì, nítorí náà méjì ni tọ́ọ̀ṣì sábà máa ń gbà kó tó ní 3 fólìtì. Èyí tí wọ́n kọ alkaline sí lára jẹ́ irú kan náà tó lágbára jù, èyí tí Lewis Urry ti ilẹ̀ Kánádà ṣe ní àwọn ọdún 1950. Owó rẹ̀ ga ju ti síǹkì òun kábọ̀nù lọ, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ jù ú lọ dáadáa bí iṣẹ́ bá wúwo, ó sì lè wà nínú páálí rẹ̀ fún ọdún 5 sí 10 kí agbára rẹ̀ tó dín púpọ̀.

Bátìrì lítíọ́ọ̀mù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tẹ́ẹ́rẹ́ jù wọ́n lọ. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń pè ní 18650, orúkọ tó ń sọ ìwọ̀n rẹ̀, nítorí pé ó fẹ̀ tó 18 mìlímítà, ó sì gùn tó 65 mìlímítà. Nínú rẹ̀, èròjà lítíọ́ọ̀mù ń kúrò ní apá kan lọ sí apá kejì nígbà tí tọ́ọ̀ṣì bá ń tàn, ó sì ń padà síbi tó ti wá nígbà tí wọ́n bá ń ṣáájì rẹ̀. Nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe láti bí irú bátìrì yìí ni wọ́n fi fún M. Stanley Whittingham, John B. Goodenough àti Akira Yoshino ní ẹ̀bùn Nobel ní 2019. Ilé-iṣẹ́ Sony ló sì kọ́kọ́ gbé e jáde fún títà ní 1991. Ẹyọ kan ní 3.7 fólìtì, èyí tó ń gòkè dé 4.2 nígbà tó bá kún, bẹ́ẹ̀ ni gílóòbù LED tó wà nínú tọ́ọ̀ṣì òde òní kò fẹ́ ju nǹkan bí 3 fólìtì lọ, ìdí sì nìyẹn tí ẹyọ kan ṣoṣo fi tó.

Ìyàtọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ oníbàárà kì í mọ̀ títí òkùnkùn yóò fi bá wọn lójú ọ̀nà. Bátìrì síǹkì máa ń kìlọ̀ kó tó kú: ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á di pípọ́n, á di bàìbàì, olóhun á sì rí àyè wá òmíràn. Lítíọ́ọ̀mù kì í ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ a máa dúró gbọn-in fún wákàtí púpọ̀, ṣùgbọ́n bí agbára rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ dé ìwọ̀n kan, pátákó kékeré tó ń dáàbò bò ó á gé iná náà lẹ́ẹ̀kan náà kí bátìrì má baà bàjẹ́. Ẹni tó bá ń lò ó gbọ́dọ̀ máa ka wákàtí, kó má gbẹ́kẹ̀ lé ojú nìkan.

Pé ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò máa jẹ kì í ṣe ohun àjèjì ní Òṣogbo. Nígbà ọdún Ọ̀ṣun, tó máa ń wáyé nínú oṣù Ògún, wọ́n máa ń tan fìtílà olójú mẹ́rìndínlógún, a sì máa jó láti àṣálẹ́ títí di ìdájí. Bí epo ti jẹ́ sí fìtílà yẹn ni iná mànàmáná jẹ́ sí bátìrì lítíọ́ọ̀mù. Òṣogbo kan náà ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí ọ̀nà iná mànàmáná gbogbo Nàìjíríà wà, ṣùgbọ́n iná tó ń dé ilé kọ̀ọ̀kan wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ IBEDC, láti 2020 sì ni wọ́n ti pín àwọn oníbàárà iná sí ọ̀wọ́ láti A dé E: ó yẹ kí ọ̀wọ́ A rí wákàtí 20 lójúmọ́, ọ̀wọ́ E sì jẹ́ wákàtí 4. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù tó gba 2,000 mAh, ìyẹn ìwọ̀n iná tó lè gbé dání, máa ń gba nǹkan bíi wákàtí 3 sí 5 kó tó kún, nítorí náà ẹni tó wà ní ọ̀wọ́ E pàápàá lè fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i kún lójúmọ́ bí iná bá dé lákòókò.

Ìṣirò owó náà sì ṣe kedere níbẹ̀. Bí tọ́ọ̀ṣì bá ń jẹ ìdajì ampere, 2,000 mAh yóò gbé e fún wákàtí 4. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù tó dára lè gba ṣáájì tó 300 sí 500 ìgbà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí rẹ̀ gan-an, àpapọ̀ 300 péré sì jẹ́ 1,200 wákàtí ìmọ́lẹ̀ láti inú ẹyọ kan. Ẹni tó ń tan tọ́ọ̀ṣì lálaalẹ́ ní ìgboro Òṣogbo, bí ọlọ́dẹ adúgbò tàbí ẹni tó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù di òru, kò ní ìdí tí yóò fi máa ra bátìrì àlòsọnù.

Àmọ́ ohun tó ń ba ìṣirò yìí jẹ́ ni ayédèrú. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe nítòsí ọjà gbé 18650 méjì lé arìnrìn-àjò náà lọ́wọ́, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, ó ní, "Ẹ gbé wọn wò, ẹ̀gbọ́n, ẹ má wo ara wọn." Wọ́n kọ 9,900 mAh sára èyí tó fúyẹ́, wọ́n sì kọ 2,200 sára èyí tó wúwo. Kò sí bátìrì sáìsì yẹn tó lè gba 9,900. Èyí tó dára jù tó wọ́pọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju nǹkan bí 3,500 lọ. Ojúlówó sì máa ń wúwo tó nǹkan bí 45 gíráàmù, nítorí náà èyí tó bá fúyẹ́ bí ẹni tó gbé páálí òfìfo kò lè ní ohun gidi nínú. Òmíràn jẹ́ bátìrì ògbólógbòó tí wọ́n tú jáde láti ara kọ̀ǹpútà alágbèéká, tí wọ́n sì fi ọ̀rá tuntun wé. Iye ńlá tí wọ́n kọ sí ara bátìrì ni àmì àkọ́kọ́ pé kí oníbàárà yẹra fún un.

Láti Òṣogbo, ọkọ̀ gba ọ̀nà Iléṣà, ìrìn tó lé díẹ̀ ní 30 kìlómítà. Ní Iléṣà, ọ̀rọ̀ owó gba ojú mìíràn wọlé. Ìlú àwọn òṣómàáló ni, àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé aṣọ káàkiri ìlú láti tà á láwìn, tí wọ́n á sì padà wá gba owó wọn. Ohun tí òwò wọn kọ́ ni ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn lè san owó díẹ̀díẹ̀ ju kí wọ́n kó o kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni tọ́ọ̀ṣì ṣe rí. Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ á ra bátìrì àlòsọnù méjì lónìí, á tún ra méjì lọ́jọ́ mìíràn, nígbà tí ọdún bá sì yí po, á ti ná ju owó tọ́ọ̀ṣì lítíọ́ọ̀mù lọ. Kì í ṣe pé kò mọ ìṣirò. Owó tó yẹ kó kó kalẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni kò sí lọ́wọ́. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tó ń yá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní owó ẹ̀rọ ìlọta àti ọ̀kadà, ka tọ́ọ̀ṣì tó dára mọ́ ohun tí wọ́n lè yáni lówó rà.

Àwọn ọdẹ Ìjẹ̀ṣà ti ṣe ìpinnu tiwọn. Látijọ́, fìtílà kábáàdì ni wọ́n máa ń dè mọ́rí, nínú èyí tí omi ti ń kán sórí òkúta kábáàdì, tí gáàsì tó ń jáde á sì máa jó. Ó mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń rùn, ó sì nílò omi. Lítíọ́ọ̀mù àdèmórí ti gba ipò rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn, nítorí pé ó fúyẹ́, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ń jìnnà. Ṣùgbọ́n ọdẹ tó gbọ́n kì í wọgbó láìmú bátìrì kejì tó ti kún lọ́wọ́, nítorí iná tó ń gé lójijì nínú igbó lóru lè kó ènìyàn sí ewu.

Lẹ́yìn Iléṣà, bí ọ̀nà ti ń lọ sí apá Ìpẹ̀rìndó, tí igi kòkó ń pọ̀ sí i, àwọn abà kan wà tí òpó iná kò dé. Ìdáhùn yí padà níbẹ̀. Bátìrì D ló wà ní ṣọ́ọ̀bù kékeré ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, òun náà ni rédíò ń jẹ, bí tọ́ọ̀ṣì bá sì di bàìbàì, wọ́n á yọ bátìrì rẹ̀ sínú rédíò, nítorí pé iná tí rédíò ń fẹ́ kéré. Àwọn àgbàlagbà tún máa ń sá bátìrì tó ti rẹ̀ sóòrùn. Ooru máa ń mú kí èròjà inú rẹ̀ yára díẹ̀ sí i, ìmọ́lẹ̀ á sì padà fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi agbára tuntun kún un. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ fún lítíọ́ọ̀mù, nítorí ooru ń ba inú rẹ̀ jẹ́, ó sì lè mú kó wú tàbí kó gbiná. Ohun tó lè yí ọ̀rọ̀ padà ní abà ni sólà kékeré tó ní ojú USB, nítorí pé ibi tí oòrùn bá ti di orísun agbára, lítíọ́ọ̀mù tún di ohun tó bọ́gbọ́n mu.

Oríṣi méjèèjì ló ní ìtọ́jú tiwọn. Kí wọ́n yọ bátìrì àlòsọnù kúrò nínú tọ́ọ̀ṣì tí wọn kò ní lò fún ìgbà pípẹ́, kó má baà tú omi tó ń jẹ irin sínú rẹ̀. Kí wọ́n má ṣáájì lítíọ́ọ̀mù lábẹ́ ìrọ̀rí tàbí lórí ibùsùn, kí wọ́n má sì fi sílẹ̀ nínú ọkọ̀ lọ́sàn-án. Èyí tó bá ti wú, kí wọ́n má lò ó mọ́. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó yẹ kí ẹnikẹ́ni jù sínú iná.

Nítorí náà, ìbéèrè ìyá ọlọ́jà Òṣogbo ni ìdáhùn náà. Ẹni tó ń gbé níbi tí iná tàbí sólà wà, tó sì ń tan tọ́ọ̀ṣì lálaalẹ́, kó ra lítíọ́ọ̀mù tó jẹ́ ojúlówó. Ẹni tó ń gbé lábà tí kò sí ìkankan nínú méjèèjì, kó di bátìrì D rẹ̀ mú láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ti tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń tọ́jú sínú dúrọ́ọ̀ fún ọjọ́ tí ìyọnu bá dé, alkaline ló yẹ ẹ́, nítorí pé lítíọ́ọ̀mù tí ẹnìkan kò ṣáájì fún oṣù púpọ̀ máa ń pàdánù agbára díẹ̀díẹ̀. Ilé tó bá lè ní oríṣi méjèèjì, kó ní wọn, kó sì kọ́ àwọn ọmọ ilé ní ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, kí wọ́n lè rí i mú bí iná mànàmáná bá lọ.